Ṣílè tí Mo Fọ̀

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ìwárọ̀-Ọ̀kà, wọn yóò sọ fún yín pé Raliat aránṣọ kì í tètè gba nǹkan gbọ́. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ wá, tó ní ọ̀pá mẹ́rin ni, èmi a tún un wọ̀n lójú rẹ̀. Bó bínú, kó bínú. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí náà, mo ti wọ̀n ọ́n síwá, mo ti wọ̀n ọ́n sẹ́yìn, kí n tó la ẹnu. Ó ṣẹlẹ̀. Inú yàrá mi ló ti ṣẹlẹ̀, ní ọ̀sán gangan, níbi tí mo ti ń ya àwòrán owó onírin àtijọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á. Èmi tí mo wà níbẹ̀ kò ní yí i padà.

Jimoh ni ọkọ mi. Iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe, Lọ́kọ́ja ló sì wà nígbà náà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ńlá kan. Bí iṣẹ́ bá gbà á láyè, á wálé, á sinmi díẹ̀, á tún lọ. Ó fẹ́ràn mi, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n owú tí ọkùnrin yẹn ń jẹ kọjá bó ṣe yẹ. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tó gbọ́ tí nǹkan kan wúkọ́, á ní:

"Ta nìyẹn?"

"Ewúrẹ́ ni."

"Ewúrẹ́ wo?"

Nígbà kan, mo máa ń fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà tán. Òun ló ní kí n máa ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí bí mo bá wà nílé lémi nìkan. Mo sì ń tì í, kí àlàáfíà lè wà.

Ọdún ti ń gorí ọdún tí a ti ń wá ọmọ. Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, bí ọyẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀, mo lóyún. Mo pe Jimoh lórí fóònù, ẹkún ayọ̀ ni mo ń sun. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré lẹ́yìn rẹ̀. Ó béèrè, ohùn rẹ̀ wálẹ̀:

"Ìgbà wo ni mo wálé kẹ́yìn?"

Ó dùn mí wọ egungun. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀: kó sọ pé, "Ọmọ mi ni." Kò sọ pé tòun ni, kò sì sọ pé kì í ṣe tòun. Bẹ́ẹ̀, ní ilé tiwọn, bàbá ọmọ ló ń sọ orúkọ ọmọ sí Ààfáà létí lọ́jọ́ ìsúnà kí ẹlòmíì tó gbọ́ ọ. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá jókòó síbẹ̀ tí kò la ẹnu, gbogbo àdúgbò ti mọ ohun tó kù. Ohun tí mo ń rò nìyẹn nígbà tí mo bá ń ránṣọ, nígbà tí mo bá ń jẹun, nígbà tí mo bá ń kírun.

Oyún náà ti hàn dáadáa nígbà tí Jimoh rántí agolo bàbá rẹ̀. Bàbá náà, Àlùhájì Badmus, ta obì ní Ìkàrẹ́ títí tó fi kú. Agolo owó àtijọ́ kan wà lára ohun tó kan Jimoh nínú ogún: kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́, sísì, àti ṣílè kan ṣoṣo. Jimoh ní ẹnì kan wà ní Ìbàdàn tó ń ra irú rẹ̀, kí n ya àwòrán wọn ránṣẹ́, kí á lè rí nǹkan dì mú fún ìgbà tí mo bá fẹ́ bímọ. Inú mi dùn. Mo ní, ó ti ń rántí pé mo fẹ́ bímọ nìyẹn.

Ṣílè yìí nìkan ni wọ́n fi aṣọ dúdú wé. Nígbà tí mo tú u, n kò rí owó. Nǹkan dúdú kan ni mo rí, ó nípọn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ díẹ̀, bíi ọ̀dà tó ti ń gbẹ.

Àwòrán tí mo kọ́kọ́ yà kò dára rárá. Ará Ìbàdàn náà ní òun kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn lọ. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Àkùngbá, sọ́dọ̀ Pius, tó ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọkùnrin tó mọṣẹ́ ni, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n pa iná ara fóònù. Kí n gbé owó náà sórí aṣọ dúdú lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe níbi tí oòrùn ti ń ta. Kí n gbé bébà funfun dúró ní òdìkejì, kó lè da ìmọ́lẹ̀ padà síbi tó bá ṣókùnkùn. Kí n fi ègé ọṣẹ sábẹ́ etí owó náà kan, kó dàgẹ̀rẹ̀, kí òjìji fóònù má baà bọ́ sínú rẹ̀. Kí n fi fóònù ti ara ife kan, kó má baà gbọ̀n, kí n sì jẹ́ kó ka ení, èjì, ẹ̀ta lẹ́yìn tí mo bá tẹ̀ ẹ́, kó tó yà á. Ó ní ẹni tó bá sún mọ́ owó jù kò ní rí nǹkan kan. Kí n fà sẹ́yìn díẹ̀, kí n wá fẹ àwòrán náà tó bá yá.

"Ohun kan ṣoṣo, Àǹtí," ó ní. "Ẹ má fọ̀ ọ́ o. Bó ṣe dọ̀tí yẹn ni wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ."

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ta ni yóò gbé ohun ẹlẹ́gbin síwájú àlejò? Nílé tí wọ́n bí mi sí, ife tó mọ́ tẹ́lẹ̀ gan-an, a máa ń ṣàn án lójú àlejò ká tó bu omi sí i. Mo nu kọ́bọ̀, tọ́rọ́ àti sísì lásán. Ṣílè ni mo fọ̀. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára, mo fi eérú àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́, bí mo ṣe ń fọ ìdí ìkòkò.

Dúdú náà kò fẹ́ kúrò. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, òórùn kan jáde, mo sì dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Káfúrà ni. Èyí tí wọ́n máa ń fi sára òkú kí wọ́n tó wé e ní aṣọ funfun.

Mo dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà mo sọ fún ara mi pé wọ́n tún máa ń fi káfúrà sáàárín aṣọ, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Mo ń fọ̀ ọ́ lọ. Nígbà tí mo fi parí, ṣílè náà ń dán gbinrin. Ọ̀pẹ wà ní ojú kan, orí ọba òyìnbó wà ní ìkejì. Ẹ lè fi wo eyín yín.

Mo to ohun gbogbo bí Pius ṣe wí. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀. Iná kò sí. Àwọn ará ilé ti lọ sóko, gbogbo àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́. Mo tẹ fóònù. Ó ń ka tirẹ̀: tí, tí, tí. Ó yà á. Àwòrán náà mọ́ débi pé mo ń rí imọ̀ ọ̀pẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi ránṣẹ́ sí Jimoh. Mo rò pé yóò yìn mí.

Kò pẹ́ tó fi pè.

"Ta nìyẹn?"

"Ta ni ta?"

"Ọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn rẹ."

Mo yí padà. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ wà lójú rẹ̀.

"Fẹ àwòrán náà," ó ní. "Wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀pẹ."

Mo fẹ̀ ẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pẹ, níbi tí ojú owó náà ti tẹ́jú, ṣílè ti gba gbogbo yàrá sára. Mo rí fèrèsé. Mo rí ara mi tí mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn fóònù, gèlè wà lórí mi. Mo rí ẹnu ọ̀nà. Ó ṣí sílẹ̀. Ọkùnrin kan dúró síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ kan lé àtẹ́rígbà. Ojú rẹ̀ kò hàn. Èjìká rẹ̀ ló hàn: ọ̀kan rẹlẹ̀ ju ìkejì lọ.

"Kò sí ẹnìkankan níbí," mo ní. "Wọ̀láhì."

"O ń búra."

"Ilẹ̀kùn wà ní títì, bẹ́ ẹ ṣe ní kí n máa tì í."

"Pius ni."

"Pius ga ju ìyẹn lọ."



"Mi ò mọ̀ pé o ti wọ̀n ọ́n," ó ní. Ó pa fóònù.

Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ti ọwọ́ bọ àárín aṣọ. Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Mo fura sí Jimoh fúnra rẹ̀. Mo ní bóyá ó ti rí ọmọ kan ní Lọ́kọ́ja tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi èèyàn sínú àwòrán, kó lè rí nǹkan dì mọ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n orí fóònù tèmi ni mo ti rí i.

Mo dojú dígí kọ ògiri. Mo ká àwọn aṣọ tí mo fi kọ́. Mo gbé àga ti ilẹ̀kùn. Mo tún un yà.

Ọkùnrin náà ti wọ inú yàrá. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí mo gbé ti ilẹ̀kùn.

N kò fi èyí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wo èjìká rẹ̀. Èmi ni mo ń rán gbogbo aṣọ Jimoh. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, èjìká rẹ̀ kan rẹlẹ̀, mo sì máa ń gé aṣọ rẹ̀ kéré díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ojú mi kò lè ṣì í mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni èjìká náà wà ní Lọ́kọ́ja, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa fóònù mọ́ mi létí ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé ṣílè náà lọ bá Pius. Bó ṣe rí i, ó di orí mú.

"Àǹtí! Ṣebí mo ní kẹ́ ẹ má fọ̀ ọ́?"

"Gbàgbé ìyẹn. Yà á."

Ó fi kámẹ́rà tirẹ̀ yà á, nínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá níta, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọkàn mi balẹ̀ nínú ariwo yẹn. Pius gbé àwòrán náà sójú kọ̀ǹpútà, ó fẹ̀ ẹ́. Ó wo ẹ̀yìn mi. Ó tún wo kọ̀ǹpútà.

"Ta lẹ bá wá?"

"Èmi nìkan ni."

Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi. Pius wà níbẹ̀, kámẹ́rà bò ó lójú. Èmi náà wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà dúró tì mí, bí ọkọ ṣe máa ń dúró ti ìyàwó bí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò. Ojú rẹ̀ nìkan ni kò mọ́, àfi bíi pé ẹnì kan fi àtàǹpàkò nù ún.

Pius fi bébà kó ṣílè náà, ó dà á sínú báàgì mi. Kò fi ọwọ́ kàn án.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí," ó ní. "Ẹ má gbé e wá síbí mọ́."

Jimoh kò pè mí lẹ́yìn ìyẹn. Mo pè é, kò gbé e. Àǹtí Memunat, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ni mo kàn rí lẹ́nu ọ̀nà ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Láti Ìkàrẹ́ ló ti wá, ó gbé iṣu dání, ó ní òun wá wo aboyún. Mo mọ̀ pé wọ́n rán an ni. Ojú rẹ̀ ti lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó tó kí mi.

N kò bá a jà. Ẹlẹ́rìí gan-an ni mo ń wá. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì gbé ṣílè náà jáde. Kò gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ta ló ní kó o fọ̀ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n fọ̀ ọ́. Ó dọ̀tí ni, Àǹtí."

"Kì í ṣe ìdọ̀tí."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àgbà obìnrin bẹ́ẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì.

"Jimoh ṣàìsàn nígbà tó wà ní kékeré," ó ní. "Èmi ti gbọ́n díẹ̀ nígbà yẹn. Ó le débi pé wọ́n ti ra káfúrà. Bàbá ní kí gbogbo wa jáde. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn àti Jimoh. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣílẹ̀kùn, Jimoh ti ń jẹun."

"Alhamdulilahi."

"A dúpẹ́." Kò wo ojú mi. "Láti ọjọ́ yẹn ni ṣílè yẹn ti wà nínú aṣọ dúdú. Bàbá ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án."

"Káfúrà tí wọ́n rà ńkọ́?"

"Mi ò tún rí i mọ́."

"Kí ni Bàbá ṣe nínú yàrá yẹn?"

"Ìyàwó, ta ló ń bi Bàbá léèrè?"

Ǹ bá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí ikùn mi. Bí Àǹtí Memunat bá fi ojú ara rẹ̀ rí i pé kò sí ọkùnrin kankan nínú yàrá mi, yóò sọ fún àbúrò rẹ̀. Mo gbé àpótí fún un, mo ní kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà gan-an, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sí bí eṣinṣin ṣe máa wọlé kó má rí i. Ó jókòó. Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Mo gbé ṣílè sórí aṣọ dúdú, mo fi ọṣẹ sí i lábẹ́ etí, mo tẹ fóònù. Tí, tí, tí. N kò gbọ́ nǹkan mìíràn, àní ẹyẹ. Ó yà á.

Mo fẹ̀ ẹ́. Mo rí fèrèsé. Mo rí ara mi. Mo rí Àǹtí Memunat lórí àpótí, pẹ̀lú ìborùn pupa rẹ̀. Mo wá gbogbo ojú ṣílè náà kiri. Kò sí ọkùnrin kankan.

Mo kígbe ayọ̀. "Alhamdulilahi! Àǹtí, ẹ wá wò ó! Kò sí ẹnìkankan!"

Mo gbé fóònù sókè, mo yí padà.

Jimoh dúró lẹ́yìn Àǹtí Memunat, lẹ́nu ọ̀nà. Báàgì iṣẹ́ rẹ̀ wà ní èjìká. Ó gbé ọwọ́ kan lé àtẹ́rígbà.

Wọ́n ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Mo rí i lójú Àǹtí Memunat, tó ń wo ilẹ̀.

"Láti ìgbà wo lẹ ti dúró síbẹ̀?"

"Kó o tó tẹ̀ ẹ́." Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó rò pé òun ti mú olè. "Mú fóònù wá."

Ó gbà á, ó fẹ̀ ẹ́. Mo ń wo ẹ̀rín náà bó ṣe ń kúrò lójú rẹ̀. Èmi wà nínú àwòrán náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ṣófo. A tilẹ̀ ń rí igi máńgòrò tó wà ní àgbàlá, níbi tó yẹ kí ara Jimoh ti dí i.

"Èmi ńkọ́?" ó ní.

Ó na fóònù sí mi.

"Raliat. Èmi ńkọ́?"

Ó ju báàgì sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yà á wàyí. Ó dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó yà á. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí èmi yà á. Ó tẹrí ba lé ṣílè náà títí èémí rẹ̀ fi bò ó lójú; mo nù ún, a tún yà á. Ṣílè náà gba àjà. Ó gba bẹ́ẹ̀dì, ó gba aṣọ tó wà lórí àga. Kò gba Jimoh. Jimoh sáré yí dígí padà, ó wo inú rẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Ó wo fọ́tò ìgbéyàwó wa lára ògiri. Ó wà níbẹ̀, nínú agbádá tí mo rán fún un. Ṣílè yìí nìkan ni kò mọ̀ ọ́n.

Mo rò pé yóò bínú. Mo tilẹ̀ ń fẹ́ kó bínú, nítorí ìbínú rẹ̀, mo ti mọ bí mo ṣe ń gbà á. Ó kàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Láti ìgbà tí mo ti mọ ọkùnrin yìí ló ti ń wá ọkùnrin kan kiri nínú ilé mi. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rò ó pé bóyá kì í ṣe owú lásán ló ń jẹ.

Nígbà tí àkókò ìrun tó, ó jáde lọ ṣe àlùwàlá. Àǹtí Memunat tẹ̀ lé e. Ó ku èmi nìkan. N kò mọ ohun tó tì mí. Mo tẹ fóònù.

Ọkùnrin náà wà níbẹ̀. Ó ti dé ọ̀dọ̀ mi. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere wàyí, ojú Jimoh sì ni: imú Jimoh, ètè Jimoh. Àpá tí bíríkì dá sí Jimoh níwájú orí nìkan ni kò sí níbẹ̀. Kò bínú. Ó ń wò mí bí ẹni tó ti ń dúró de nǹkan láti ọjọ́ pípẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí ikùn mi.

Mo wo ikùn mi. Kò sí ọwọ́ kankan níbẹ̀. Ìgbà náà ni ọmọ kọ́kọ́ mira nínú mi.

Mo pa àwòrán náà rẹ́. N kò sọ ọ́ fún Jimoh, n kò sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ.

Jimoh ta kọ́bọ̀, tọ́rọ́ àti sísì fún ará Ìbàdàn náà. Ṣílè, ó ní kì í ṣe títà. Ó gbé e sí ibi tí n kò mọ̀, n kò sì béèrè. Láti ìgbà náà, owú tán lára rẹ̀. Kò bi mí nípa Pius mọ́. Èèyàn á wúkọ́ lẹ́yìn mi lórí fóònù, kò ní sọ nǹkan kan. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, pé ọkọ mi ti yí padà. Èmi ni mo wá di ẹni tó ń ṣọ́ ẹni. Bí ó bá ti Lọ́kọ́ja dé, n ó kọ́kọ́ wo àpá iwájú orí rẹ̀ kí n tó sọ pé ẹ káàbọ̀. Bí ó bá sùn, n ó dákẹ́, n ó máa gbọ́ bó ṣe ń mí. Síbẹ̀, kò tíì sọ ọ́. Kò sọ pé ọmọ òun ni.

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa nígbà tí mo bímọ ní Ìkàrẹ́. Ọkùnrin ni. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ pé ọmọ náà jọ bàbá rẹ̀. Mo máa ń wo Jimoh bí wọ́n bá ń sọ ọ́. Á rẹ́rìn-ín sí wọn, kò ní fèsì.

Ó ku ọjọ́ kan kí ìsúnà pé. Àǹtí Memunat wà ní àgbàlá, ó ń ṣa ìrẹsì. Jimoh wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó yọ aṣọ dúdú kan lápò, ó tú u. Ṣílè náà ṣì ń dán. Ó tẹ́ aṣọ náà sẹ́bàá fèrèsé. Ó gbé bébà funfun dúró. Ó fi ègé ọṣẹ sábẹ́ etí ṣílè, ó fi fóònù ti ara ife. Kò gbàgbé ìkankan.

"Gbé e wá," ó ní.

"Ọmọ ń sùn."

"Gbé e wá bẹ́ẹ̀, Raliat. Kò ní dùn ún."

Ohùn rẹ̀ rọ̀. Bí ó bá ti pariwo mọ́ mi ni, n kò ní gbé e. Mo gbé ọmọ mi síwájú ṣílè náà, mo fi ọwọ́ di orí rẹ̀ mú. Fóònù ń kà. Ọmọ náà la ojú, ó wo inú ṣílè, kò sunkún. Ó yà á.

Jimoh gbé fóònù. Ó fi ìka méjì fẹ àwòrán náà. Ó tún un fẹ̀. Ó ń wá gbogbo ojú ṣílè náà kiri, bó ṣe wá ara rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ń gbọ́ ìrẹsì tó ń dà sínú ọpọ́n ní àgbàlá.

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó," mo ní.

Ó dojú fóònù bo àyà. Nígbà tó gbé ojú sókè, omi wà níbẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí n kò rí lójú rẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Ó na ọwọ́, ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e mọ́ra.

"Ọmọ mi ni," ó ní. "Ó jọ mí."